Ògiri Tó Ń Wo Ìbíwùmí

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá," ni Ìbíwùmí wí, ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Láti ìgbà wo ni àyà ti ń ta yín?"

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn. Rọ́bà ni awọ rẹ̀, wáyà ni iṣan rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń làágùn, ó ń húkọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ráhùn ju aláìsàn gidi lọ. Bàbá Rọ́bà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Òkè-Ìtura ń pè é. Òun ni aláìsàn, òun náà ni olùdánwò. Bí o bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, á dìde jókòó, á nu òógùn ojú rẹ̀, á sì sọ máàkì tó fún ọ àti ìdí tó fi fún ọ.

"Láti àná ni," Bàbá Rọ́bà dáhùn, ó di àyà mú. "Mo jẹ ẹ̀bà tán báyìí ló bẹ̀rẹ̀."

Ìbíwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti béèrè bóyá ìrora náà ń rìn lọ sí apá òsì ni ògiri bá sọ̀rọ̀.

"Ìbíwùmí, ọmọ wa, a kí ọ o. Di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa."

Ohùn Màmá Ọlọ́kọ̀ nìyẹn, àbúrò ìyá bàbá rẹ̀. Lára ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi àwọn tó wà lọ́nà jíjìn hàn láti ilẹ̀ títí dé àjà, ìlú Ebúté-Ìrọ̀rùn ló jókòó rẹpẹtẹ nínú gbọ̀ngàn wọn, tí wọ́n ń wò ó. Baálẹ̀ wà níwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Gbọ̀ngàn náà ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí pé ojú omi ni gbogbo ilé ìlú wọn wà láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ní kó sọ ohun tó jẹ," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ẹ̀bà ló jẹ."

"Ẹ̀bà wo ló ń mú àyà ta ènìyàn? Ọbẹ̀ ni kó béèrè. Ìbíwùmí, béèrè ọbẹ̀."

A kì í kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kó má dáhùn. Ìbíwùmí kọjú sí ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará ilé." Nígbà tó máa fi yíjú padà sọ́dọ̀ Bàbá Rọ́bà, ìbéèrè apá òsì ti yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Ó wá a títí, kò rí i. Ó béèrè ọbẹ̀.

Ní igun yàrá, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Òṣìṣẹ́ Àjọ Awọnrò ni, àwọn tí òfin ní kí wọ́n máa wá wọn bí ìdánwò ṣe ń rí lára àwọn tó ń ṣe é. Abọ́ dígí kan wà lórí itan rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọwọ́ Ìbíwùmí ń bá omi náà sọ̀rọ̀: bí ọkàn ọmọ náà bá balẹ̀, omi á sùn, bí ọkàn bá dàrú, omi á dìde. Èyí tó dìde lẹ́ẹ̀kan yìí ti dà sí bàtà rẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu bàtà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Bàbá Rọ́bà dìde jókòó. "O yege," ó wí, "àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí o gbé dé ẹnu tí o sì gbé mì. Ká ní ènìyàn ni mí, ìbéèrè yẹn ni ì bá gbà mí là."

Ògiri ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ṣé òun ló ṣe ipò kìíní?" ni Baálẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká.

*

Nínú yàrá kékeré tí wọ́n fún un, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé tú ọ̀já náà kúrò lọ́wọ́ Ìbíwùmí, ó sì gbé abọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Omi yìí kì í gbàgbé," ó wí. Ó fi ìka kan etí abọ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ohun tó ṣe láàárọ̀ ṣe.

Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ọn. Orí omi ni wọ́n bí i sí, kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ omi fún un. Nígbà tó kí Bàbá Rọ́bà, omi sùn fọnfọn. Nígbà tí Bàbá Rọ́bà húkọ́, omi kàn ṣẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹja bá mí nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbì kan gbéra láti ẹ̀gbẹ́ kan abọ́, ó kọlu ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fò sórí tábìlì. Ìgbà tí Màmá Ọlọ́kọ̀ kí i nìyẹn.

Ojú ti Ìbíwùmí bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń bú àgbà.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé wí. "Wọ́n ní Bàbá Rọ́bà ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Bí púpọ̀ nínú yín bá sọ bẹ́ẹ̀, Àjọ á wá gbé e lọ."

"Ẹ̀yin náà ṣáà rí omi, sà."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n omi kò lẹ́nu. Ọ̀já ló ń sọ bí ẹ̀rù ṣe pọ̀ tó, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo máa gbé dé iwájú Àjọ. Àwọn tó ṣe òfin yìí ti rí ìgbà tí wọ́n ń wọn ọmọ láìbi ọmọ léèrè."

"Bí mo bá wá sọ pé ògiri ni ńkọ́?"

"Wọ́n á pa ojú rẹ̀ dé."

"Àwọn ará ilé mi á mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́?"

"Wọ́n á mọ̀," ọkùnrin náà wí. "Ẹni tó rán ọmọ wá síbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Bí a bá máa gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, a gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Lọ jẹun ná. Ìwọ ni aṣojú kíláàsì, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí o bá jẹun tán, kó o padà wá."

*

Nílé oúnjẹ, ẹ̀rọ tó ń bu oúnjẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ìka, ó ní ewébẹ̀ kò tó nínú rẹ̀, ó bu ẹ̀fọ́ lé ẹ̀fọ́ fún un, ó sì gba dòdò tó ti wà nínú àwo rẹ̀ padà. Dúródọlá ti di àyè mú dè é. Ọmọkùnrin gíga kan ni, òun ló máa ń pa kíláàsì lẹ́rìn-ín. Láti ìjẹta ló ti ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n á ṣe máa gbọ̀n bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Rọ́bà.

"Ṣé o ti sọ ọ́?" ó béèrè.

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ìbíwùmí, ẹnu gbogbo wa ti kò. Bí Bàbá Rọ́bà bá lọ, ìdánwò orí ìwé ni wọ́n á dá padà. Ìwé kì í húkọ́ síni lójú. Ìwé kì í ní 'o gbé ìbéèrè mì.'"

"Ìwé kì í sì í sọ ibi tó ń dùn ún," ni Ìbíwùmí dáhùn. Ó fi ṣíbí yí ẹ̀fọ́ rẹ̀ po. "Lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ikùn ló ń yọ Bàbá Rọ́bà lẹ́nu. Ó jẹ́ kí n wí tẹnu mi tán, ló bá ní, 'O ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n o ò tíì jẹ́ kí n sọ tèmi.' Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó kí n tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn. Ta ló kọ́ mi ní ìyẹn bí kì í bá ṣe òun?"

"Kí ló wá ń mú ọkàn rẹ fò nígbà náà?"

Ìbíwùmí béèrè tirẹ̀. "Ìwọ náà, bí ọkàn rẹ bá ń sáré lórí ìdánwò, ta lò ń wò?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Dúródọlá kò fi ṣe àwàdà. Bàbá rẹ̀ nìkan ló rán an wá sílé ẹ̀kọ́, òun nìkan ló sì máa ń jókòó lára ògiri tirẹ̀.

"Agbádá tó fi gbé ìyá mi níyàwó ló máa ń wọ̀," ó wí. "Nítorí ìdánwò mi. Á jókòó síbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa wò mí." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ síta. Ọmọ wo ló máa wí fún bàbá rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ti wúwo jù fún òun?"

*

Ìbíwùmí jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti mọ̀ pé kò síbi tí òun máa gbà tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ta òun. Bó bá dárúkọ Bàbá Rọ́bà, irọ́ ni, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì máa ka ìwé títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ aláìsàn gidi láìtíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn rí. Bó bá dárúkọ ògiri, ojú àwọn tó rán an wá ló fẹ́ fọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìdí tí wọ́n fi rán an kò kéré. Dókítà kì í pẹ́ ní Ebúté-Ìrọ̀rùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í dúró lójú kan, ara àwọn ará òkè, tí ilẹ̀ gbígbẹ ti mọ́ lára, kò sì gbà á. Èyí tí ìjọba rán wá kẹ́yìn, èébì ló fi kí wọn nígbà tó dé, èébì ló fi dágbére. Ìyàwó apẹja kan bímọ nígbà tí kò sí dókítà, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sókè, kò dé òkè. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni Màmá Ọlọ́kọ̀ dìde nínú gbọ̀ngàn, ó ní tí wọn kò bá rí dókítà tó lè gbé orí omi, kí wọ́n mú ọmọ orí omi kí wọ́n sọ ọ́ di dókítà. Gbogbo agbo ilé ló yọ nínú ẹja tí wọ́n ń yan tà kí Ìbíwùmí tó débi. Kí ló wá fẹ́ wí fún wọn? Pé kí wọ́n má wo òun mọ́?

Ẹnu ẹni la fi í kọ méè jẹ. Ó yọ dígí ọwọ́ rẹ̀, ó pe ilé.

Orí ọkọ̀ ni Màmá Ọlọ́kọ̀ wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn ará ìlú lọ sókè. "Ìbíwùmí mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi."

Màmá Ọlọ́kọ̀ pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Omi nìkan ló kù tó ń dún. "Mò ń gbọ́."

Ìbíwùmí sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sọ ti omi inú abọ́, ó sọ ti ìbéèrè tó yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sọ pé bí wọ́n bá ti kí òun, òun kì í rí aláìsàn mọ́, àwọn ló kù tí òun ń rí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ yín, Mà. Mo fẹ́ yín jù ni."

Màmá Ọlọ́kọ̀ sún mọ́ dígí. "Ṣé a ti ń pa ọ́ lára látọjọ́ yìí?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Sọ bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sínú, nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ìbíwùmí, ẹnì kan kò sọ fún ọ rí? Ọjọ́ tí o bá ní ìdánwò, n kì í lè gbé oúnjẹ mì. Baálẹ̀ á ti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ kó o tó fọwọ́ kan ọkùnrin rọ́bà yẹn. O rò pé ìmọ̀ ló ń mú wa pariwo? Ẹ̀rù ni. Bí a bá dákẹ́, a ó máa gbọ́ bí àyà wa ṣe ń lù."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń wò ó, Mà?"

"Kí o má baà rò pé a ti gbàgbé rẹ."

Màmá Ọlọ́kọ̀ fi etí ìró nu ojú, ó sì tún ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ tan. "Lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Kó ṣí ògiri fún wa lọ́sàn-án yìí. Baálẹ̀ máa ṣagídí, ṣùgbọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

*

Baálẹ̀ ṣagídí lóòótọ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé ka ohun tí Ìbíwùmí sọ sí ìlú létí, tí Dúródọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́, bàbá náà gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àwa la rán an," ó wí. "Ẹni tó gbin àgbàdo ni kì í wo àgbàdo? Ẹ̀tọ́ wa ni, n kò fún ẹnikẹ́ni."

"Kábíyèsí wa kọ́ lẹ jẹ́, Baálẹ̀ ni yín, ẹ sì rọra," ni Màmá Ọlọ́kọ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé. "Ọ̀gbẹ́ni, abọ́ yín yẹn, ṣé ọmọ nìkan ló lè wọ̀n?"

"Ògiri ní ojú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, Màmá. Bí ẹ bá gbà, ó lè gbọ́ ìlù àyà yín láti ibi tí ẹ jókòó sí."

"A gbà. Ẹ fi ìdánwò àárọ̀ yìí hàn wá, kí ẹ sì wọ̀n wá."

Kí Baálẹ̀ tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé ti gbé abọ́ sí iwájú ògiri, ó ti bu omi tuntun sí i. Ìran òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ náà yege, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, Ìbíwùmí inú ìran kò ju pé ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ Bàbá Rọ́bà lọ, tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tí Bàbá Rọ́bà húkọ́, omi fò sókè, ó rọ Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé láti orí dé àyà. Nígbà tí Ìbíwùmí wá ìbéèrè rẹ̀ tí kò rí i, ìyókù omi fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ dígí náà gbẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀párìndé nu ojú. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó wí jẹ́jẹ́, "n kò rí abọ́ tó gbẹ rí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, kò lè mú un dúró. Ẹ̀rín náà ràn káàkiri títí ó fi dé iwájú, títí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ṣí fìlà rẹ̀ bojú tí ikùn rẹ̀ ń mì. Níwájú ògiri níhìn-ín, Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ pa á," Baálẹ̀ wí nígbà tó rí ohùn rẹ̀ padà. "Ẹ bá wa pa ògiri yìí kó tó pa wá. Àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣí i fún wa bó bá ṣe tán. A ò ní kí ó gbàgbé wa náà."

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Àjọ sì gbà á bẹ́ẹ̀: ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀nà ògiri máa wà, òun ló máa ṣí i nígbà tó bá wù ú. Dúródọlá ló wọlé tẹ̀ lé Ìbíwùmí. Kò gbọ̀n, kò sunkún. Ó ní kí wọ́n bá òun pe bàbá òun ná, òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá a sọ kó tó bọ́ agbádá.

*

Nígbà tí ìdánwò mìíràn dé, ògiri ṣú dùdù, yàrá náà sì dákẹ́ débi pé Ìbíwùmí ń gbọ́ bí Bàbá Rọ́bà ṣe ń mí. Mímí náà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó jókòó. Ó jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Ó kàn ń rẹ̀ mí ni," Bàbá Rọ́bà wí. "Àgbà ti dé."

"Bí ẹ bá sùn gbalaja, Bàbá, ṣé ẹ máa ń rí èémí mí dáadáa?"

"Rárá. Irọ̀rí méjì ni mo fi ń gbé orí sókè. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó sùn."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè padà. Ó fetí sí àyà rẹ̀. Ìbéèrè kan ń bí òmíràn, kò sí èyí tó yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó sọ pé ọkàn ni kò lágbára tó láti fa ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, tó sì sọ oògùn tí òun máa kọ́kọ́ fún un, Bàbá Rọ́bà dìde jókòó, ó wò ó títí.

"N kò ní nǹkan kan láti bá ọ wí," ó wí.

Ìbíwùmí lọ fọwọ́ kan ògiri. Gbọ̀ngàn Ebúté-Ìrọ̀rùn yọ, gbogbo wọn ti jókòó, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Wọ́n ń dúró dè é.

"Mo yege," ó wí, wọ́n sì hó yèè, wọ́n kọrin díẹ̀, wọ́n tún dákẹ́.

"Kí ló wá ń ṣe ọkùnrin rọ́bà yẹn gan-an?" ni Màmá Ọlọ́kọ̀ béèrè. "A ò rí i lónìí. Sọ fún wa."

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú èyí rí, máàkì ni wọ́n máa ń béèrè. Ìbíwùmí fìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó sọ bí ó ṣe ń mí, ó sọ bó ṣe pe àárẹ̀ ní ọjọ́ orí, ó sọ ti ẹsẹ̀ tó wú, ó sọ ti irọ̀rí méjì. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ará ilé.

Nígbà tó dé ibi oògùn, Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè bó ṣe máa ń rí.

"Ìbíwùmí. Irọ̀rí méjì yẹn. Èmi náà, mẹ́ta ni mò ń lò báyìí."

Màmá Ọlọ́kọ̀ yíjú sí i. "Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo rò pé àgbà ló dé."

Ìbíwùmí dìde. Ó wo inú ara rẹ̀ bóyá ìgbì ń dìde níbẹ̀, kò rí ìgbì. Ó fa àga kan, ó gbé e dé ìdí ògiri títí tí òun àti Baálẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú kojú, ó sì jókòó.

"Kò burú, Bàbá," ó wí. "Ohun tó ní oògùn ni. Ẹ ní kí wọ́n bá yín bọ́ bàtà, kí n rí kókósẹ̀ yín. Láti ìgbà wo ni?"